Ìbò Àárín Sáà: Ta Ló Ń Kìlọ̀ fún Àwọn Alákòóso Wa?

Ní ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ kan ní Kúdẹtì níbí, mo bi àwọn ará ní ìbéèrè kan kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mo ní, "Ta ni gómìnà wa?" Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Ta ni ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà?" Àwọn ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Mo wá ní, "Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa?" Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àwa tí a tó ogójì níbẹ̀, ẹni mẹ́ta péré ló mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà sì jẹ́ ìbátan ìyàwó rẹ̀. A rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ìdí ni pé ìjọba tó sún mọ́ wa jù lọ ni a kò mọ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala keje rẹ̀, sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ìwé òfin náà sì to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ojú ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, kíkọ orúkọ ọmọ tí a bí àti ti ẹni tó kú sílẹ̀. Wọ́n tún ń bá ìjọba ìpínlẹ̀ pín iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìlera ṣe. Ẹ wò ó bí ó ti rí: láti ọjọ́ tí a bí ọmọ títí di ọjọ́ tí a ó sin arúgbó, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Àwa ará Kúdẹtì tí odò ń ṣàn láàárín ilé wa, àwa la mọ ohun tí gọ́tà tó dí lè ṣe. Ta ló wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó gbàgbé òjò ọjọ́ náà? Ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá omíyalé lọ. Ẹni tó bá sọ pé ìbò káńsù kì í ṣe ìbò gidi, kí ó lọ bi àwọn tó sin ọmọ lọ́dún náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò lónìí ni ìbò àárín sáà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin ni ààrẹ ń lò, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá lo ọdún méjì, aráàlú á tún dìbò yan gbogbo ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin àti ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ gómìnà. Bí inú wọn kò bá dùn sí ààrẹ, wọn kì í dúró di ọdún kẹrin kí wọ́n tó sọ ọ́. Ní 2010, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n fi ayọ̀ yan Barack Obama, wọ́n gba ilé aṣojú-ṣòfin lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2018, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún ẹgbẹ́ Donald Trump. Wọn kò lé ààrẹ kúrò lórí àga nínú méjèèjì. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fún un. Yorùbá ní ẹni tí a bá ń bá wí, tí ó bá gbọ́, yóò yè.

Ẹlòmíràn lè ní, "Pásítọ̀, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, kí ló kàn wá?" Ó kàn wá, nítorí pé ìlú Ìbàdàn yìí ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí.

Ní 1951, nígbà tí wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ènìyàn mẹ́fà ni Ìbàdàn yàn lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ibadan People's Party. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, márùn-ún nínú wọn bọ́ sínú ẹgbẹ́ Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó kọ̀ ni Adégòkè Adélabú, ọmọ Òkè-Olúọ̀kun, ẹni tó kàwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé St. David's ní Kúdẹtì wa yìí. Òun ló sọ pé "peculiar mess" tí àwọn ènìyàn wa sọ di "pẹnkẹlẹmẹ́sì". Ìbàdàn kò bínú jáde sí ìta lójijì. Wọ́n dúró de ìbò.

Ìjọba Action Group bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1952. Wọ́n ní àwọn yóò fún gbogbo ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí owó, nítorí náà wọ́n gbé owó orí tuntun lé aráàlú lórí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Owó ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọn kò tíì rí ilé ìwé. Inú bí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ọdún 1954 dé, Ìbàdàn gba Mápó lọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn: ẹgbẹ́ Mábọlájẹ́ ti Adélabú, tó wà pẹ̀lú NCNC alákùkọ, ló jáwé olúborí nínú ìbò káńsù, Adélabú sì di alága. Ní ìparí ọdún náà, ìbò sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní Èkó tún dé. Nínú àga 42 tó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC gba 23, Action Group gba 18. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba ní Ìbàdàn fìdí rẹmi nínú ilé ara rẹ̀, tí sáà rẹ̀ kò sì tíì pé. Èwo ni ìbò àárín sáà bí kì í bá ṣe ìyẹn?

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀lé e, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ìjọba náà kò wó. Awólọ́wọ̀ kò kúrò lórí àga. Ṣùgbọ́n ó yé wọn pé bí owó bá ti kúrò lápò aráàlú, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ hàn sójú wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tó lé ní 800,000 ló sì wọ ilé ìwé lọ́dún náà. Àwọn òbí rí ohun tí owó wọn ṣe. Nígbà tí ìbò ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dé ní oṣù karùn-ún ọdún 1956, Action Group gba àga 48 nínú 80. Aráàlú tó bá wọn wí ní 1954, àwọn náà ló yìn wọ́n ní 1956. Kì í ṣe pé aráàlú ń ṣe ségesège. Ọwọ́ wọn ni pàṣán wà, ọwọ́ wọn náà ni ẹ̀bùn wà.

N kò fẹ́ sọ ìtàn náà bí ẹni pé ọ̀run ni 1954. Nígbà tí Mábọlájẹ́ wọ Mápó, ẹ̀sùn rìbá àti ojúsàájú pọ̀ nínú káńsù. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan òyìnbó kan, Nicholson, láti ṣèwádìí, ìwádìí náà kò sì yìn wọ́n. Adélabú fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956, ìjọba sì tú káńsù náà ká. Ìwádìí dára. Ẹni tó bá jẹ owó ìlú, kí ó dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé káńsù tó wà lọ́wọ́ alátakò ni ìwé ìṣirò rẹ̀ tètè ṣí. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, ní 1962, ó kan àwọn tó ṣèwádìí: ìgbìmọ̀ Coker bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ohun tí wọ́n rí nípa owó tó jáde láti ibẹ̀ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ kò ṣeé gbọ́ sétí. Ẹgbẹ́ alákùkọ kò mọ́ ju ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ lọ, ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ kò sì mọ́ ju alákùkọ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbọ́ mi pé bí ẹgbẹ́ bá ti yí, òdodo ti dé nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé alákòóso tó bá mọ̀ pé wọ́n lè gba nǹkan lọ́wọ́ òun ní àárín sáà, ìbẹ̀rù á wà lójú rẹ̀. Èyí tó bá mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún òun, ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà wá sí ìgbà tiwa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, n kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Abẹ́ ẹgbẹ́ tó yàtọ̀ síra ni mo ti ṣiṣẹ́. Fáìlì kan náà ni, àga kan náà ni, àwòrán tó wà lára ògiri nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kì í bẹ̀rù láti pààrọ̀ àwòrán náà. Ní 1999 a yan Lam Adéṣínà lábẹ́ AD. Ní 2003 a yan Rashidi Ládọjà lábẹ́ PDP. Ní 2007 Àlàó-Akálà ló wọlé lábẹ́ PDP kan náà. Ní 2011 a gbé ìjọba fún Abíọ́lá Ajímọ̀bi ti ACN, òun sì ni gómìnà àkọ́kọ́ tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní ìpínlẹ̀ wa, ní 2015. Ní 2019 a tún yí padà, Ṣèyí Mákindé ti PDP wọlé, ó sì tún wọlé ní 2023. Nítorí náà, nínú ìbò gómìnà, ẹnu wa ká wọn. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó ra Ọ̀yọ́.

Ṣùgbọ́n ní àárín sáà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nígbà kan tí agbára fẹ́ yí ní àárín sáà, kì í ṣe aráàlú ló yí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2006, àwọn aṣòfin 18 nínú 32 ní àwọn yọ Ládọjà nípò gómìnà, bẹ́ẹ̀ òfin béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta. Odindi oṣù mọ́kànlá ni ẹlòmíràn fi ṣe gómìnà, kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a padà ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ẹni tí wọ́n yọ lọ́jọ́ náà ló wá gun ìtẹ́ Olúbàdàn ní 2025, ní Mápó tí a ń sọ yìí. Ayé ń yí! Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín: nínú gbogbo yíyí náà, ta ló bi aráàlú léèrè?

Ìbò tó yẹ kó jẹ́ ìbò àárín sáà tiwa ni ìbò ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, nígbà tí APC wà nílé ìjọba, APC ló kó èrè ìbò náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2019, ọjọ́ tí ìjọba tuntun wọlé gan-an, wọ́n tú àwọn káńsù náà ká. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2021 pé títú tí wọ́n tú wọn ká kò bófin mu, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n san owó wọn fún wọn. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, a dìbò mìíràn, PDP tó wà nílé ìjọba ló sì kó o. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2024, a tún dìbò, PDP gba gbogbo àga alága 33. Gbogbo rẹ̀! Nínú ìpínlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dìbò fún ẹgbẹ́ mìíràn ní ọdún kan ṣáájú.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́ nìkan, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ kan. Ní Èkó, ní oṣù keje ọdún 2025, APC gba gbogbo àga alága 57. Ní ìpínlẹ̀ Rivers, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí gómìnà àti àwọn àgbà PDP ń jà, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní APP, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, gba 22 nínú 23, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn gómìnà lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìbò náà nígbẹ̀yìn. Ẹ wò ó, bí gómìnà bá gbé fìlà rẹ̀ sórí igi, igi náà á wọlé. Ibi tí ìbò bá ti rí báyìí, kò sí ìkìlọ̀ mọ́. Gómìnà tí inú ń bí aráàlú sí kò ní gbọ́ títí ọdún kẹrin yóò fi pé, ọ̀pọ̀ nǹkan á sì ti bàjẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, "Pásítọ̀, bí alátakò bá gba káńsù, gómìnà kò ní fún un lówó, iṣẹ́ ò ní lọ. Ó sàn kí gbogbo wọn wà nínú ẹgbẹ́ kan." Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ dí ń wá ẹni tó máa kó o, kò wá ẹ̀kọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọdún mélòó ni gbogbo wọn ti fi wà nínú ẹgbẹ́ kan? Ṣé gọ́tà ti mọ́? Owó ìjọba ìbílẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gba inú àpò ìpawọ́pọ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó wọn máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ìgbìmọ̀ onífìdíhẹ rọ́pò ẹni tí aráàlú yàn. Ìdájọ́ náà ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní kí owó lọ tààrà sọ́wọ́ alága tó mọ̀ pé gómìnà ló yan òun, kì í ṣe Kúdẹtì? Ẹni tó fún ajá ní egungun ni ajá ń tẹ̀lé.

Mo wá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà sọ́dọ̀ àwa fúnra wa, nítorí pé bí a bá ń fi ìka kan tọ́ka sí gómìnà, mẹ́ta ń wo àyà wa. Lọ́jọ́ ìbò 2024 yẹn, mo jáde ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀. Nítorí pé ọkọ̀ kò rìn, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Àwọn ìyá jókòó síwájú ilé, wọ́n ń gba afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo dé ibùdó ìdìbò, a kò pọ̀ rárá. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn díákónì wa tó ń fọ aṣọ, mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti dìbò?" Ó ní, "Pásítọ̀, wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ tán." Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n a kò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣòro fún wọn láti kọ ọ́. Ibi tí ènìyàn mẹ́wàá bá ti jáde, ó rọrùn láti kọ 300. Ibi tí 300 bá ti jáde, tí wọ́n dúró títí wọ́n fi ka ìbò tán, ó nira láti kọ 10. Nínú ìbò ààrẹ ọdún 2023 pàápàá, tí ariwo rẹ̀ kún gbogbo ilẹ̀, nǹkan bíi 27 péré ló dìbò nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀. Àwọn 73 yòókù, àwa ni.

Ẹ rántí ìmọ̀ràn tí Jẹ́tírò fún Mósè nínú aginjù. Kò ní kí Mósè nìkan máa ṣàkóso láti orí òkè. Ó ní kí wọ́n wá àwọn ènìyàn tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó kórìíra èrè àìtọ́, kí wọ́n fi wọ́n ṣe olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta, títí dé olórí mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbààwẹ̀ lórí olórí ẹgbẹ̀rún, a kò sì bìkítà ẹni tó jẹ́ olórí mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ olórí mẹ́wàá ló ń gbé nítòsí ilé wa.

Kí ni kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni mo fi síwájú yín. Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù wa mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé kí oṣù yìí tó parí. Ìkejì, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wa yan ènìyàn méjì tí yóò máa lọ sí Mápó lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta láti béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti pẹ̀lú ìwé, iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Kí wọ́n má ṣe lọ pẹ̀lú ìbínú, kí wọ́n má sì ṣe lọ gba àpòòwé. Ìkẹta, nígbàkígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá dé, kí a jáde bí a ṣe ń jáde sí ìbò gómìnà, kí a sì dúró títí wọn yóò fi ka ìbò lójú wa. Ìkẹrin, kí ẹni tó bá ń fẹ́ràn ẹgbẹ́ tó wà nílé ìjọba tún ní ìgboyà láti sọ pé ìbò tí ẹgbẹ́ òun gba láìsí orogún kì í ṣe ìyìn fún ẹgbẹ́ òun. Bí ẹ bá dára, ẹ jẹ́ kí aráàlú sọ ọ́ fúnra wọn, bí wọ́n ti sọ ọ́ fún Awólọ́wọ̀ ní 1956.

Àwọn bàbá wa tó gba Mápó ní 1954, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Wọn kò ní rédíò nínú ilé, wọn kò ní fóònù lápò. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tó ń ṣojú wọn, wọ́n mọ ohun tó ṣe, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò bi í léèrè. Àwa tí a kàwé, tí a mọ ààrẹ Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ ká tún mọ káńsẹ́lọ̀ wa. Ní ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n ó tún béèrè ìbéèrè yẹn ní Kúdẹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ilé dákẹ́.